Ọba Kì Í Mú Ọ̀kọrin: Ààfin Ọ̀yọ́ àti Ìdàgbàsókè Eré Alárìnjó

Ìfáàrà

Bí a bá bi ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa léèrè ìgbà tí eré oníṣe bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá, ìdáhùn tí wọn yóò kọ́kọ́ fún wa ni pé ní ọdún 1944 ni, nígbà tí Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Èkó. Àwọn tí wọ́n kàwé díẹ̀ sí i yóò dárúkọ àwọn àṣeyẹ alẹ́ tí àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì àti àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó máa ń ṣe ní apá ìgbẹ̀yìn ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìdáhùn méjèèjì ní òtítọ́ díẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n wọn kò kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Kí a tó bí Ògúndé ní Ọ̀sọ̀sà ní ọdún 1916, àní kí òyìnbó tó fẹsẹ̀ tẹ Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn tí wọ́n fi eré ṣe iṣẹ́ ṣe ti wà ní ilẹ̀ wa. Wọ́n ní aṣọ, wọ́n ní ìlù, wọ́n ní ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé òpin rẹ̀. Wọ́n sì ní onígbọ̀wọ́ kan tí agbára rẹ̀ kò kéré, èyíinì ni Aláàfin Ọ̀yọ́.

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Ọba kì í mú ọ̀kọrin.” A máa ń pa òwe yìí bí ẹni pé òfin kan ni ó jẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀: pé ẹni tí ó bá ń kọrin tàbí tí ó ń ṣeré lè sọ ohun tí ó bá wù ú, kí mùjẹ̀mùjẹ̀ kankan má sì dé bá a láti ààfin. Bí a bá wo ìtàn eré alárìnjó fínnífínní, a ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ààfin ni ó tọ́ eré náà dàgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni ẹnu rẹ̀ ti mú. Níwọ̀n ìgbà tí òṣèré bá wà lábẹ́ òrùlé ọba, ẹlòmíràn ni ó máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìgbà tí ó di alárìnkiri ni ó tó rí àyè láti fi gbogbo ayé ṣe yẹ̀yẹ́. Kókó yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí yóò jókòó fún ìdánwò, ó sì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí òṣèré wa dúró lónìí.

Orúkọ tí a ń pe eré náà

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe àwọn òṣèré yìí kò pin sí ẹyọ kan. Wọ́n ń pè wọ́n ní eégún aláré nítorí pé inú ẹ̀kú eégún ni wọ́n ti ń ṣeré. Wọ́n ń pè wọ́n ní apidán nítorí idán tí wọ́n ń pa lójú agbo. Wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀jẹ̀, orúkọ tí ó bá gbogbo ọmọ awo eégún mu. Agbégijó ni wọ́n ń jẹ́ ní ibòmíràn, nítorí ère igi tí wọ́n ń gbé jó. Alárìnjó, èyí tí àwọn onímọ̀ wá sọ di orúkọ gbogboogbò, túmọ̀ sí ẹni tí ń rìn tí ó sì ń jó. Kì í ṣe oríkì rere ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń fi bú òṣèré pé kò ní ibùjókòó, pé láti ìlú dé ìlú ni ó ti ń fi ijó wá oúnjẹ.

Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe da eégún aláré pọ̀ mọ́ eégún ńlá. Eégún ńlá jẹ́ ará ọ̀run tí ó wá bẹ ọmọ rẹ̀ wò. Ìbẹ̀rù àti ọ̀wọ̀ ni a fi ń pàdé rẹ̀. Eégún aláré wọ ẹ̀kú kan náà, ó sì ń júbà àwọn baba kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín àti ìyanu ni ó wá fún wa. Bí ohun ìsìn ṣe di ohun ìdárayá báyìí ni ìtàn tí ó kàn sọ fún wa.

Ìtàn iwin Ọ̀yọ́ Ilé

Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, ni ó pa ìtàn yìí mọ́ fún wa. Gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, àwọn Tápà ti fi ogun lé àwọn ará Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Lẹ́yìn ìrìnkiri, wọ́n tẹ̀dó sí Ìgbòho, Aláàfin mẹ́rin ni ó sì jẹ níbẹ̀ tẹ̀léra tẹ̀léra. Ẹni ìkẹrin nínú wọn ni Abípa. Òun ni ó pinnu pé kí gbogbo ìlú padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Ọ̀pọ̀ onítàn gbé ìpadàbọ̀ náà sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún.

Ìpinnu yìí kò dùn mọ́ àwọn ìjòyè nínú. Wọ́n ti kọ́lé sí Ìgbòho, wọ́n ti dáko síbẹ̀, ara sì ti tù wọ́n. Nígbà tí ọba rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ láti tún ibùjókòó àtijọ́ ṣe, àwọn ìjòyè rán àwọn ẹni tiwọn lọ ní ìkọ̀kọ̀: abuké, àfín, adẹ́tẹ̀, aràrá, arọ, àti ẹni tí àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ yọ síwájú. Wọ́n ní kí wọn ó máa rìn kiri lórí òkè ní òru pẹ̀lú iná lọ́wọ́, kí wọn ó sì máa kígbe pé kò sí àyè fún ẹnikẹ́ni mọ́ níbẹ̀. Kí a rántí pé ẹni òrìṣà ni àwọn Yorùbá ka irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí, wọn kì í fojú lásán wò wọ́n. Nítorí náà, kò ṣòro fún àwọn oníṣẹ́ ọba láti gbà pé iwin ni wọ́n rí. Wọ́n sá padà wá sí Ìgbòho, wọ́n ní iwin ti gba Ọ̀yọ́ Ilé.

Ológbo, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè ààfin tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ orin àti ìtàn ọba, ni a gbọ́ pé ó la ọba lójú sí ọ̀ràn náà. Ọba bá rán àwọn ọdẹ lọ. Iwin kò ba àwọn ọdẹ lẹ́rù. Wọ́n ká àwọn ayédèrú iwin náà mọ́, wọ́n sì mú wọn wá fún ọba. Ọba kò pariwo. Ó dúró di ọjọ́ tí àwọn ìjòyè pé sí ààfin, ó sì mú kí àwọn iwin wọ̀nyí jáde síwájú àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe Abípa ní Ọba-m'ọ́rọ̀, èyíinì ni ọba tí ó mú ọ̀rọ̀, nítorí pé iwin àti ọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n nínú igbó.

Johnson kò pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí ní eré. Joel Adédèjì, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí ó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1969, ni ó fi hàn gbangba pé ibẹ̀ ni kí a ti máa wá orísun eré alárìnjó. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, ìran àwọn iwin yìí ni a sọ di eré ní ààfin, tí a fi aṣọ àti ìbojú ṣe àfihàn wọn kí ọba àti àwọn ará ilé rẹ̀ lè máa wò ó.

Bí a bá ronú jinlẹ̀ lórí ìtàn yìí, ohun kan wà níbẹ̀ tí a kì í sábà tọ́ka sí. Àwọn ìjòyè ni ó kọ́kọ́ gbé eré kalẹ̀. Àwọn ni ó yan òṣèré, àwọn ni ó kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò wí, àwọn ni ó sì pinnu ibi tí wọn yóò ti ṣe é àti àkókò tí ó dára jù, èyíinì ni òru. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni láti da ìfẹ́ ọba rú. Ohun tí Abípa ṣe ni pé ó gba eré náà mọ́ wọn lọ́wọ́, ó sì yí ojú rẹ̀ sí wọn. Àwọn tí ó fẹ́ fi ẹ̀rù dá ọba dúró wá jókòó níwájú rẹ̀, wọ́n ń wo ète ara wọn bí òǹwòran.

Ẹni tí ó bá mọ bí ìṣèlú Ọ̀yọ́ ṣe rí yóò mọ̀ pé ọ̀ràn yìí kì í ṣe eré ọmọdé. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, ní agbára láti kọ ọba, ọba tí wọ́n bá sì kọ̀ kò ní í pẹ́ láyé. Alápìnni, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ni olórí awo eégún. Ní èrò tèmi, bí ẹ̀kú eégún ṣe di ohun eré ní ààfin, ọba náà ti ní ọwọ́ nínú ohun tí ó ti jẹ́ ti Alápìnni nìkan. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ pé Aláàfin gbọ̀wọ́ fún eré, kí a má ṣe rò pé ìfẹ́ afẹ́ nìkan ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà ní ààfin

Ààfin Ọ̀yọ́ kún fún àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ọ̀rọ̀, orin àti ìlù. Àwọn arọ́kìn ń pa ìtàn àwọn ọba mọ́. Àwọn akùnyùngbà, tí wọ́n jẹ́ obìnrin ààfin, ń ki ọba ní oríkì orílẹ̀ àti oríkì àwọn baba ńlá rẹ̀. Àwọn onírárà wà, àwọn onílù wà. Ọba ni ó ń bọ́ wọn, òun ni ó ń daṣọ fún wọn, ó sì ń fi wọ́n ṣe ẹ̀yẹ níwájú àlejò. Láàrin irú àwọn ènìyàn báyìí ni eré ti dàgbà. Kì í ṣe ọmọ òrukàn tí a jù sí ìgboro. Ọmọ ààfin ni.

Orúkọ kan tí ìtàn àwọn ọ̀jẹ̀ kì í fò dá ni Ológbìn Ológbojò. Òun ni wọ́n gbà pé ó sọ eré eégún di iṣẹ́ ní ààfin, tí ó sì ṣe aṣọ àti ìbojú fún ọmọ rẹ̀, Olúgbẹ̀rẹ̀ Àgan, láti fi máa ṣeré. Orúkọ kejì ni Ẹ̀sà Ọ̀gbín, ẹni tí wọ́n kà sí olórí ẹgbẹ́ òṣèré àkọ́kọ́ tí ó fi eré ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Títí di òní, àwọn ọ̀jẹ̀ kì í ṣí agbo láìjúbà rẹ̀, ẹ̀sà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe iwì tí eégún ń ké. Bí àwọn ìtàn ìdílé wọ̀nyí tilẹ̀ yàtọ̀ síra láti agboolé kan sí èkejì, ẹnu wọn kò lórí ohun kan: ààfin Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti gbéra.

Ohun tí Clapperton rí ní ọdún 1826

Ìtàn àtẹnudẹ́nu nìkan kọ́ ni a ní. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1826, Hugh Clapperton, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì, dé Ọ̀yọ́ Ilé pẹ̀lú ìránṣẹ́ rẹ̀, Richard Lander. Aláàfin tí ó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà ni àwọn onítàn gbà pé Májọ̀tú ni. Clapperton kú ní Sókótó ní ọdún 1827, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnàjò rẹ̀ jáde ní ọdún 1829. Inú rẹ̀ ni ó ti ròyìn eré kan tí ọba pè é wá wò ní oṣù kejì ọdún 1826. Ó ṣàlàyé pé àkókò tí àwọn olórí ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ bá wá kí ọba ni wọ́n máa ń ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan so àkókò yìí pọ̀ mọ́ ọdún Bẹẹrẹ, nígbà tí gbogbo ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń mú koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo òrùlé ààfin.

Gbàgede tí ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ńlá tí ọba máa ń jókòó sí ni a ti ṣe eré náà. Ìsọ̀rí mẹ́ta ni ó ní. Ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́, àwọn òṣèré tí ó fi àpò bo ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀ jó, wọ́n sì ń ta òkìtì. Ní ìsọ̀rí kejì, ejò ńlá kan yọ jáde láti inú àpò. Ó ń wọ́ nílẹ̀ bí òjòlá gan-an, ó ń la ẹnu bí ẹni pé yóò bu ènìyàn jẹ, títí tí a fi fi idà bá a jà, tí ó “kú”, tí a sì gbé òkú rẹ̀ kúrò lójú agbo. Ní ìsọ̀rí kẹta, àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí díẹ̀díẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ohun funfun kan sì ń yọ jáde láti inú rẹ̀. Òyìnbó ni. Ó rù, òtútù ń mú un, ó ń fín áṣáà, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Nígbà tí ó sì máa rìn, ṣe ni ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rìn láìwọ bàtà rí. Àwọn òǹwòran fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Wọ́n ń yíjú sí àwọn àlejò, wọ́n ń bi wọ́n léèrè bóyá kò jọ wọ́n. Clapperton kò bínú; ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì gbà pé òṣèré náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láàrin ìsọ̀rí kan sí òmíràn, àwọn obìnrin ààfin ń kọrin, àwọn èrò sì ń gbè é.

Ẹ̀kọ́ púpọ̀ wà nínú ìròyìn yìí. Èkínní ni pé eré tí a rí ní ọdún 1826 kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ó ní ìlànà, ó ní ẹgbẹ́ akọrin, ó ní idán, ó ní ẹ̀fẹ̀. Èkejì ni pé àwọn òṣèré náà ń fi ojú ṣọ́ ayé. Òyìnbó kò tíì lò ju oṣù kan lọ láàrin wọn, wọ́n sì ti mọ ìrìn rẹ̀, wọ́n ti mọ bí ó ṣe ń fa áṣáà. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ó kan kókó ọ̀rọ̀ wa jù lọ. Ta ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́? Àlejò ni. Ta ni ó jókòó tí ó ń wò? Ọba, àwọn ayaba, àti àwọn olórí ìlú tí ó wá san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn tí ó wá forí balẹ̀ rí i bí a ti pa ejò ńlá níwájú Aláàfin, wọ́n sì rí i bí àjèjì láti òkè òkun ti di ohun ẹ̀rín ní àgbàlá rẹ̀. Eré náà dùn, ṣùgbọ́n ó tún ń sọ fún gbogbo ènìyàn ẹni tí ó ni ilé.

Nínú ìtàn iwin, àwọn ìjòyè ni a dójú tì. Ní ọdún 1826, òyìnbó ni. Nínú ẹ̀rí méjèèjì tí a ní láti ààfin, ìbojú kò kọjú sí onígbọ̀wọ́ rí. Ọwọ́ tí ó ń fúnni ni ó máa ń wà lókè.

Ọ̀yọ́ Ilé tú, eré di alárìnjó

Láàrin ọdún mẹ́wàá tí Clapperton lọ, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro. Aláàfin Olúewu kú sí ojú ogun ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn ènìyàn sì fọ́n ká sí ìhà gúúsù. Àtìbà tún Ọ̀yọ́ tuntun tẹ̀ dó sí Àgọ́-Ọ̀jà, ṣùgbọ́n ààfin tuntun náà kò ní agbára àti ọrọ̀ ti àtijọ́. Kí ni àwọn òṣèré yóò ṣe? Àwọn ẹgbẹ́ kan ti ń jáde kiri ṣáájú ìgbà náà. Ogun wá sọ ohun tí ó jẹ́ àṣà àwọn díẹ̀ di ọ̀nà àtijẹ gbogbo wọn. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn èrò tí ń sá fún ogun lọ sí Ìbàdàn, sí agbègbè Ọ̀ṣun, sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ẹ̀gbádò.

Wọn kò pa ọba tì. Bí ẹgbẹ́ alárìnjó bá wọ ìlú, ọ̀dọ̀ ọba tàbí baálẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ lọ láti gba àṣẹ, iwájú ilé rẹ̀ ni wọn yóò sì ti kọ́kọ́ jó. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: Aláàfin kò sí nítòsí mọ́, ṣùgbọ́n olórí ìlú wà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé àṣẹ àti ẹ̀bùn ìwọ̀nba ni olórí ìlú fún wọn. Kì í ṣe òun ni ó ń bọ́ wọn. Ọjà ni ó ń bọ́ wọn. Owó tí àwọn òǹwòran bá nawọ́ sí wọn ni wọn yóò jẹ, bí ìlú kan bá sì kọ̀ wọ́n, ìlú mìíràn ń bẹ níwájú. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ìlànà eré wọn fi ìgbésí ayé yìí hàn. Ìjúbà ni ó máa ń ṣíwájú: wọn a júbà Olódùmarè, wọn a júbà àwọn baba, wọn a júbà àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ àti olórí ìlú tí wọ́n wà. Lẹ́yìn èyí ni ijó bàtá, ọ̀kìtì àti iwì. Eré gan-an ni yóò tẹ̀ lé e, ọ̀nà méjì ni ó sì pín sí. Ọ̀kan ni idán, níbi tí eégún ti ń di òjòlá, ọ̀nì, ẹkùn tàbí ìjàpá. Èkejì ni ẹ̀fẹ̀, níbi tí a ti ń rí Tápà, Ìdahọ̀mì, ọ̀mùtí, aṣẹ́wó, ìyàwó ọ̀ṣìngín àti òyìnbó. Orin ìdágbére ni wọn yóò fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo bí àwọn tí a fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ti pọ̀ tó. Kì í ṣe àlejò nìkan mọ́. Ọ̀mùtí inú ìlú náà wà níbẹ̀, ọkọ àti aya wà níbẹ̀. Òyìnbó tí àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé rí bí ẹni tí òtútù ń pa ti di òyìnbó tí ó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn, síbẹ̀ wọn kò yé fi í rẹ́rìn-ín. Alárìnjó lè ṣe èyí nítorí pé kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó lè fi ebi pa á. Àkókò yìí gan-an ni òwe “Ọba kì í mú ọ̀kọrin” wúlò jù. Ọmọ ilé ọba kò nílò irú ààbò bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní í sọ ohun tí yóò bí bàbá rẹ̀ nínú. Àlejò tí yóò sùn mọ́jú kí ó tó kọjá lọ ni ó nílò rẹ̀.

A kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀nà náà rọrùn. Àwọn ẹlẹ́sìn tuntun, Mùsùlùmí àti Kírísítẹ́nì, kò fẹ́ ohun tí ó bá jẹ mọ́ eégún. Àwọn tí ó kàwé sì ń fi ojú ẹlẹ́gàn wo alárìnjó. Síbẹ̀, eré náà kò parẹ́.

Láti ààfin ọba dé ilé ìjọba

Ògúndé fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé nígbà èwe òun, òun ń bá àwọn eégún aláré lu ìlù ní ìlú òun, àti pé àwọn ni ó gbin ìfẹ́ eré sí òun nínú. Ìjọ Olúwa ní Ẹ̀búté Mẹ́tta ni ó kọ́kọ́ ṣeré fún ní ọdún 1944. Ní ọdún 1945 ó fi eré ṣe iṣẹ́ ṣe. Orin àti ijó tí ó máa ń fi ṣí eré rẹ̀ jọ ìjúbà alárìnjó, ọkọ̀ tí ó fi ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri sì rọ́pò ẹsẹ̀ tí àwọn baba fi ń rìn. Ṣùgbọ́n ta ni ọba rẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́, ìjọba àwọn òyìnbó ni. Eré tí ó ṣe lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945 kó o sí wàhálà ní Jos ní ọdún 1946, ọ̀ràn náà sì dé ilé ẹjọ́.

Èyí tí ó kọ́ni lọ́gbọ́n jù ni ti ọdún 1964. Wọ́n pe Ògúndé kí ó wá ṣeré níbi ìfilọ́lẹ̀ Ẹgbẹ́ Ọmọ Olófin ní Ìbàdàn, níwájú S. L. Akíntọ́lá, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Eré tí ó gbé wá ni Yorùbá Ronú, ìtàn ọba kan tí ẹni tí ó fọkàn tán dà. Gbogbo ènìyàn mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ń bá wí. Olórí ìjọba dìde, ó sì jáde kúrò. Láìpẹ́, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé pé wọn kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ìfòfindè náà kò kúrò títí di oṣù kejì ọdún 1966, nígbà tí Adékúnlé Fájuyì jẹ́ gómìnà ológun.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wé ti Abípa. Ní ìgbà Abípa, ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ gba eré mọ́ àwọn ìjòyè lọ́wọ́. Ní ọdún 1964, òṣèré ni ó gba eré mọ́ onígbọ̀wọ́ lọ́wọ́, ó sì yí ìbojú kọ ọ́ lójú. Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rí tí a ní láti ààfin Ọ̀yọ́ Ilé ṣẹlẹ̀ ní gbangba Ìbàdàn, a sì rí bí òwe wa ti lágbára mọ: ìjọba kò mú ọ̀kọrin sí àtìmọ́lé, ṣùgbọ́n ó mú oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí ó gba Ògúndé là ni pé alárìnjó ni. Ìwọ̀-Oòrùn ti ilẹ̀kùn. Èkó kò tì í. Láàrin ìgbà tí òfin náà ń ṣiṣẹ́, ó tún gbé Òtítọ́ Korò jáde.

Kì í ṣe pé àwọn ọba pa eré tì ní àsìkò yìí. Tìmì Ẹdẹ, Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tí ó wà lórí oyè láti ọdún 1946 títí di ọdún 1975, jẹ́ onílù fúnra rẹ̀, ó sì kọ̀wé lórí ìlù Yorùbá. Nígbà tí Dúró Ládipọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963, tí ó sì lọ ṣe é ní Berlin ní ọdún 1964, ọ̀rọ̀ àti ìlù ààfin Ọ̀yọ́ ni ó fi dá àwọn aráyé lára yá. Aláàfin Làmídì Adéyẹmí Kẹta, tí ó wàjà ní ọdún 2022, jẹ́ ọba tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún ìmọ̀ ìtàn àti ìfẹ́ ijó. Irú ìgbọ̀wọ́ báyìí kò níye lórí, nítorí pé ìmọ̀ ni ó ń pa mọ́, kì í ṣe owó nìkan ni ó ń ná.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú lọ. Èkínní, eré oníṣe Yorùbá kò bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944. Ọdún náà jẹ́ ìpele kan nínú ìtàn tí ó ti gùn. Èkejì, àtìlẹ́yìn Aláàfin fún eré ní aṣọ, ìlànà, ẹgbẹ́ akọrin àti iyì, ìṣèlú sì wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ìṣubú Ọ̀yọ́ Ilé kò pa eré. Ó sọ ọ́ di ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá kọ ìkínní àti ìkejì láìkọ ìkẹta ti sọ ìdajì ìtàn.

Fún àwa olùkọ́, mo rò pé ó yẹ kí a máa ṣọ́ra bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní òwe tí mo fi ṣe àkọlé. Kò yẹ kí wọn ó rò pé ìròyìn ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà gbogbo ni. Ìkìlọ̀ ni fún ọba, ìrètí sì ni fún ọ̀kọrin. Lónìí, òṣèré wa ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba, lọ́wọ́ olóṣèlú, lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ń ta ọjà. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Ológbìn Ológbojò náà gba ti ọba. Ṣùgbọ́n kí òṣèré tí ó bá fẹ́ kí ẹnu rẹ̀ mú má ṣe jẹ́ kí ìkòkò kan ṣoṣo máa bọ́ òun. Àwọn baba rẹ̀ jẹun ní ààfin, wọ́n sì tún mọ ọ̀nà ọjà.